Òróró Kì Í Ṣe Ti Bóòtù

Wọ́n ti gbé e kiri gbogbo Odìgbó pé mo wa mọ́tò ìje nílùú òyìnbó. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tilẹ̀ lọ sọ níléèwé pé mo gba ife ẹ̀yẹ. Irọ́ ni o. Mo kàn jókòó sínú mọ́tò náà ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wà á, mo dijú, mo sì ń pariwo. Bó bá jẹ́ ẹni tó pariwo jù ni wọ́n ń fún ní ife ẹ̀yẹ, èmi náà ì bá ti gbé e wálé. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ bó ṣe rí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, torí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ẹ bá mi tò ó, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Àbí kẹ̀, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti fi ara mi rẹ́rìn-ín ṣáájú yín.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, níbi tí ariwo tírélà kì í ti í dákẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ mí ni iṣẹ́ ìjókòó bọ́ọ̀sì. Bí bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ bá dé, onímọ́tò á ní, "Ọ̀gá Wẹ́dà, ẹ bá mi tú u." Màá tú ìjókòó tí òyìnbó ṣe sí i, màá jó bẹ́ńṣì onírin rọ́pò rẹ̀, ibi tí èèyàn mẹ́ta ń jókòó á gba mẹ́rin. Bí wọ́n bá tín-ín-rín, á gba márùn-ún. Bẹ́líìtì ńkọ́? Màá fi ọ̀bẹ gé e. A kì í sì í sọ ọ́ nù, torí bẹ́líìtì mọ́tò lágbára. A fi ń di àpò kòkó, a fi ń so ewúrẹ́.

Bọ́ọ̀sì ilé àdúrà wa pàápàá, èyí tó ń kó àwọn ọmọ ìjọ lọ sí ìsìn ní Ajue àti Omifunfun, ọwọ́ mi yìí ló gé bẹ́líìtì inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo yín ń pè ní Ìyá Ìjọ, gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, ó fi so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé àdúrà tí atẹ́gùn máa ń gbá. Ó fà á wò. Ó ní, "Olúwa á bù kún ọ, àbúrò mi. Nǹkan yìí le o." Inú mi dùn. Mi ò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, ilé wá tóbi jù mí lọ. A ò bímọ, ẹ̀yin ni mo ní, ẹ̀yin náà sì ti ń lọ síléèwé gíga lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn kan ń wá ẹni tó mọ irin jó lókè òkun, mo ní kí n lọ. Bí mo ṣe rí ìwé ìrìnnà gbà gùn ju ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Bìní lọ, kò sì dùn tó o, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ìyá Ìjọ gbé ìgò òróró kékeré kan lé mi lọ́wọ́ níjọ́ tí mo ń lọ, òróró ólífì tí wọ́n gbàdúrà sí fún ọjọ́ méje. Ó ní, "Ọjọ́ tí àyà rẹ bá já ni kó o ṣí i." Bó bá jẹ́ pé mo tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ ni, ìgò náà ì bá ti gbẹ kí n tó dé Èkó.

* * *

Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀, bọ́ọ̀sì dúró, ilẹ̀kùn ṣí, mo jókòó, mo ń retí. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí ní Ọ̀rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dúró tán, búrẹ́dì ti gba ojú fèrèsé wọlé, ọsàn ti wọlé, ìpékeré ti wọlé, ẹnì kan ti gbé òkété yíyan sí ọ nímú. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó na nǹkan kan sí wa. Ilẹ̀kùn pa dé, a lọ. Ibùdókọ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo bi ara mi pé, kí la ṣe fún àwọn ará ìlú yìí tí wọn ò fi fẹ́ tà fún wa?

Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí, kí òtútù tó gbà á ṣe. Yàrá kan ni mo háyà lókè ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó. Òwúrọ̀ á mọ́, màá jí, màá sì máa tẹ́tí bóyá màá gbọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, àkùkọ kan ṣoṣo. Kò sí. Ní Odìgbó, bí mo bá wúkọ́ lẹ́yìnkùlé, ẹnì kan ní ilé kẹta á pariwo, "Wẹ́dà, o ti jí?" Wọn ò rí ojú mi, ohùn ikọ́ mi ni wọ́n mọ̀. Níbẹ̀, mo wúkọ́ títí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹnikẹ́ni ò dáhùn, àfi obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì tó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo wá rò ó lọ́kàn pé bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní ilé kò ju ìyẹn lọ. Ibi tí wọ́n bá ti mọ ikọ́ rẹ ni ilé rẹ. Ìyókù, òrùlé ni.

* * *

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rí iṣẹ́ kò tóbi. Ọ̀gá Kólìn ló ni ín, bàbá àgbà kan tí irun ti tán lórí rẹ̀, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá bí mẹ́ta bá tó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Lúùsì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ló ń bá a ṣiṣẹ́. Èmi ni ẹnì kẹta. Iṣẹ́ wọn ni láti tún mọ́tò ṣe fún àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje lópin ọ̀sẹ̀. Lúùsì fúnra rẹ̀ wà nínú wọn. Bàbá náà ní kí n máa pe òun ní Kólìn ṣáá. Ahọ́n mi kọ̀. Ẹni tó lè bí mi! Mo ń pè é ní Ọ̀gá, nígbà tó yá ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ń fi "ẹ" sí i fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rí mọ́tò pupa kékeré kan láàrín ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti tú gbogbo ìjókòó inú rẹ̀, wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì, ó ku irin ìhòòhò. Inú mi dùn. Mo ní iṣẹ́ tèmi rèé!

Mo ní, "Ọ̀gá, bẹ́ńṣì mélòó la fẹ́ jó sí i?"

Ọ̀gá Kólìn wò mí. Lúùsì wo bàbá rẹ̀.

"Ìjókòó méjì ni," bàbá náà ní. "Bẹ́líìtì la fẹ́ fi sí i."

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń gé bẹ́líìtì. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹni tó fẹ́ fi kún un.

Bẹ́líìtì náà kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni. Méjì gba orí èjìká wá, méjì gba ìbàdí, méjì gba àárín itan, gbogbo wọn sì pàdé nídodo lójú àgádágodo kan ṣoṣo. Tèjìká, a lọ́ ọ mọ́ irin gbọọrọ kan tí a jó sẹ́yìn ìjókòó. Mẹ́rin tó kù, bóòtù la fi dè é mọ́ ilẹ̀ mọ́tò. Ọ̀gá Kólìn kúnlẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀ náà, ilẹ̀ dún gbì-ì bí agolo mílíìkì.

"Bẹ́líìtì ò lágbára ju ibi tí wọ́n dè é mọ́ lọ," ó ní. "Bó o bá kàn lu ihò, tó o ki bóòtù bọ̀ ọ́, lọ́jọ́ ìjàǹbá bóòtù á fa ilẹ̀ ya, á sì bá èèyàn lọ."

"Ó yé mi," mo ní. "Bíi kéèyàn so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn nínú ẹrọ̀fọ̀."

Ó rò ó díẹ̀. "Mi ò sin ewúrẹ́ rí. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni."

Nítorí náà, a máa ń gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, a ó fi tẹ́ abẹ́ ilẹ̀ níbi tí bóòtù bá ti yọ, kí ipá náà lè tàn káàkiri. Igun irin náà, a ó fi fáìlì rẹ́ ẹ kó rí róbótó, torí igun mímú á gé ilẹ̀ bí ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà, a ó kán gọ́ọ̀mù kan sí ojú bóòtù, níbi tí ìlà yíyí rẹ̀ wà, kó má baà tú fúnra rẹ̀. Sípánà tí a fi ń dè é máa ń ké "kọ́!" nígbà tí ìdè bá tó. Mo fẹ́ràn sípánà yẹn bí ọmọ. Ní Ọ̀rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa ń ké nígbà tí ìdè bá tó.

Nígbà tí mo jó irin ẹ̀yìn náà tán, Ọ̀gá Kólìn fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí mo jó láti òpin dé òpin. Ó ní, "Kò burú." Ó lọ mu tíì.

Lúùsì sáré wá bá mi. "Ṣé o gbọ́? Ọdún méje ni mo fi ṣiṣẹ́ kó tó sọ 'kò burú' fún mi!"

Ọjọ́ náà, mo fẹsẹ̀ rìn délé nínú òjò, mi ò mọ̀ pé òjò ń rọ̀.

* * *

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tí wọn ò sọ fún mi nígbà tí wọ́n ń gbà mí síṣẹ́. Ẹni tó bá di bẹ́líìtì mọ́tò kan, òun ni yóò jókòó sínú ìjókòó kejì lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé mọ́tò náà lọ sáré ní pápá. Ó dà bíi kí olóúnjẹ kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò níwájú oníbàárà. Mọ́tò pupa náà, Lúùsì ló ni ín. Ìjókòó méjèèjì, èmi ni mo ń dè é.

"Sátidé tó ń bọ̀," Lúùsì ní, ó ń yọ eyín. "Ìwọ ló kàn."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣáà mọ̀ pé etí títì ni mo ti ṣiṣẹ́. Ohun tí eré àsápajúdé ń ṣe, ojú mi ti rí i. Látìgbà náà, bí mo bá wọ ọkọ̀ tó sáré díẹ̀, ẹsẹ̀ mi á máa tẹ búrẹ́kì tí kò sí níbẹ̀. Mọ́tò yìí sì kéré, ó sún mọ́lẹ̀ débi pé mo ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí n tó wọ inú rẹ̀, bí ẹni tó ń kí i pé kó má pa òun. Mo sọ fún Lúùsì pé kò sí wàhálà. Mo wá lọ jókòó sí ilé ìyàgbẹ́ títí àyà mi fi balẹ̀.

Mo pe Ìyá Ìjọ lórí fóònù. Èdè Ìkálẹ̀ tiwa la máa ń sọ síra wa. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ síhìn-ín kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, adùn rẹ̀ ti dín kù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fẹ́ kí n wọ mọ́tò ìje."

"Ta ló fẹ́ kó o wọ̀ ọ́?"

"Ọ̀gá mi."

"Ṣé o jẹ ẹ́ ní gbèsè ni?"

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Ó ní òun á gbàdúrà, ó bi mí bóyá òróró ṣì kù. Mo ní ó kù. "Ó dáa," ó ní. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e, orí ara mi ni mo fi dá a.

Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe fún mọ́tò tuntun ní ilé àdúrà wa. A ó fi òróró kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó fi kan ibi tí dírébà ń dì mú, a ó fi kan iwájú ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ẹ̀mí èèyàn bá rọ̀ mọ́ la máa ń fi í sí. Nínú mọ́tò Lúùsì, níbo ni ẹ̀mí rọ̀ mọ́? Bóòtù mẹ́jọ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo to bóòtù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí tábìlì, mo bọ́ bàtà mi bí ẹni tó wọ ilé àdúrà, mo ka Sáàmù, mo sì fi òróró pa ojú bóòtù kọ̀ọ̀kan dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo kán gọ́ọ̀mù sí i, mo dè é. Sípánà ké kọ́, mo ní àmín. Ó ké kọ́, mo ní àmín. Ìgbà mẹ́jọ. Ọkàn mi wá balẹ̀ bí omi inú ìkòkò.

* * *

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, a ti gbé mọ́tò pupa náà sórí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń fà á, Lúùsì ti da tápólì bò ó, ó ti tì í pa, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò lọ. Ọ̀gá Kólìn pè mí sídìí mọ́tò mìíràn. Ó mú bóòtù tuntun, ó da omi ìfọ̀rá kan tó ń ta fíín-fíín bí sípíríìtì sórí aṣọ, ó ń nu ojú bóòtù náà, ó ń nù ún.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣebí tuntun ni."

"Tuntun máa ń ní ọ̀rá lára láti ilé iṣẹ́ wọn. Àwọn tó o lò lọ́jọ́sí, mo ti nù wọ́n sílẹ̀ fún ọ." Ó gbé gọ́ọ̀mù sókè. "Bí ọ̀rá bá kan ojú bóòtù, kódà bó ṣe ọ̀rá ọwọ́ lásán, nǹkan yìí ò ní mú. Sípánà náà á tún purọ́ fún ọ. Ọ̀rá á jẹ́ kí bóòtù máa yọ̀ wọlé, wàá fà á kọjá agbára rẹ̀ kí sípánà tó ké. Ojú ò ní rí i. Ọjọ́ tí ẹrù bá dé sórí rẹ̀ lo máa mọ̀."

Òjò ń rọ̀ níta, òtútù ń mú. Èmi ń làágùn.

Mo ní mo fẹ́ lọ jẹun. Mo dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ páànù, búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń wò mí bóyá mo tó gbà síṣẹ́, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bóyá bóòtù á sì mú. Bóyá. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní wò ó, ará oko tó ń fi òróró pa irin. Ẹ gbọ́ bí ojo ṣe ń ro nǹkan: ẹ̀rù mọ́tò ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹ̀rín bà mí jù ú lọ.

Ìyá Ìjọ gbé fóònù. Ó wà ní Àgọ́ Aláyè, níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa, mo ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"O fi òróró ìyàsímímọ́ pa bóòtù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé bóòtù ló ń bẹ̀rù ni?"

Mo bu búrẹ́dì jẹ.

"Àyà ta ló ń já? Ìwọ ni àbí irin? Mo fún ọ ní òróró pé kó o fi sí orí ara rẹ, o lọ fi ń ṣe ìwòsàn fún ohun tí kò ṣàìsàn. Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ."

"Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín."

"Láti kékeré la ti ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, o sì wà láàyè. Ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ jókòó síbẹ̀ o." Ó tún ní, "Kí tilẹ̀ ni bẹ́líìtì yẹn ń ṣe gan-an?"

Ẹ ò rí i, láti ọjọ́ tí mo ti ń gé e, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ọkọ̀ á dúró, èèyàn inú rẹ̀ ò ní dúró, á máa lọ. Bẹ́líìtì ló ń dá a dúró."

Ó ní kí àwọn obìnrin ẹ̀yìn rẹ̀ rọra sọ̀rọ̀.

"Bẹ́líìtì irú èyí tí mo fi so ilẹ̀kùn?"

"Irú rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Hẹ̀n," ó ní, ó sì pa fóònù.

* * *

Mo wọlé. Bàbá àti ọmọ wà nídìí tíì. Mo dúró bí ọmọ iléèwé tó fọ́ gíláàsì fèrèsé.

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí mọ́tò yẹn lọ. Mo fi òróró pa bóòtù."

"Òróró wo?"

"Ólífì. Tàdúrà."

"Mélòó nínú wọn?"

"Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ."

Mo ń retí ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Kólìn gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó mú sípánà. Lúùsì lọ ká tápólì nínú òjò. A sọ mọ́tò náà kalẹ̀, a tú bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún nínú wọn ò bá wa jà rárá, gọ́ọ̀mù náà ń yọ̀ lójú wọn bí ilá. Ọ̀kan ti fà, a lè fojú rí i lára rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Ti ìbàdí ni, nínú ìjókòó Lúùsì. Ọ̀gá Kólìn gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́, ó jù ú sí garawa ìdọ̀tí. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu bóòtù tuntun. Èmi náà mú aṣọ.

Lúùsì ní, "Kí ló dé tó o fi sí i?"

"Torí ìwọ lo máa jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ kí Ọlọ́run bá mi dì í mú."

Ó fi èjìká rẹ̀ gbá tèmi, ó yára wọ abẹ́ mọ́tò lọ, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe gbà lọ.

Nígbà tí sípánà ké lẹ́ẹ̀kẹjọ, tí ẹnikẹ́ni ò ṣàmín, Ọ̀gá Kólìn ní kí n mú ìgò náà wá. Mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ́ nù ni. Ó lẹ bébà mọ́ ọn lára, ó fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ sí i: KÌ Í ṢE TI BÓÒTÙ. Ó gbé e sórí pẹpẹ, láàrín gírísì àti gọ́ọ̀mù, níbi tí irinṣẹ́ ń gbé. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

"Bó o bá ti dákẹ́, tí mo wá rí i fúnra mi," ó ní, "ǹ bá ti lé ọ kúrò níṣẹ́. Oṣù ìdánwò rẹ ti parí. Wá mu tíì."

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìgbà náà, mo wà lábẹ́ mọ́tò, mo wúkọ́. Láti ọ̀ọ́kán, bàbá náà pariwo orúkọ mi, ó ní kí n bá òun gbé iná wá. Kò rí mi o. Mo dúró lábẹ́ mọ́tò náà fún ìgbà díẹ̀, mo kàn ń rẹ́rìn-ín sí páìpù.

* * *

Ní Sátidé, mo fi òróró sí iwájú orí mi kí n tó dé akoto. Lúùsì rí mi. Ó bẹ orí rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Fi díẹ̀ sí tèmi náà." Mo fi sí i, mo sì fi aṣọ nu ọwọ́ mi dáadáa kí n tó dì í mọ́ ìjókòó rẹ̀.

Bí ó ṣe tẹ iná, ara mi wà ní pápá, ẹ̀mí mi ti sá padà dé Ṣágámù. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ikùn mi lọ sápá òsì, ọkàn mi lọ sápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ìbàdí mi ò kúrò lójú kan. Ó sáré, ó sáré, ó wá tẹ búrẹ́kì lójijì. Mo ní ó ti parí. Bẹ́líìtì náà gbá mi mú láti èjìká dé itan. Ẹ̀yin tí ìyá yín pọ̀n yín, tó ja ọ̀já mọ́ àyà, tó sì sáré kúrò nínú òjò, ara yín ṣì mọ̀ ọ́n bí orí yín ò tiẹ̀ rántí. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Mo lajú. Mo rí koríko. Mo tún dijú padà.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, Lúùsì bi mí pé èdè wo ni mo fi ń pariwo. Mo ní Ìkálẹ̀ ni, mo ní àdúrà ni. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ àdúrà.

* * *

Nígbà tí mo gba ìsinmi wálé, ẹrù mi wúwo débi pé àwọn tó wá pàdé mi rò pé góòlù ni. Bẹ́líìtì ni, àti bóòtù, àti irin pẹlẹbẹ tí mo ti rẹ́ igun wọn sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, mo wúkọ́ lẹ́yìnkùlé, ẹnì kan pariwo láti ilé kẹta, "Wẹ́dà! O ti dé?" Mo wá rò ó pé ibi méjì ni wọ́n ti mọ ikọ́ mi báyìí. Ọlọ́rọ̀ ni mí.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wà nídìí bọ́ọ̀sì ilé àdúrà. Mo gé bẹ́ńṣì tí mo fọwọ́ ara mi jó, mo tẹ́ irin sábẹ́ ilẹ̀, mo nu bóòtù, mo fi de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ìlà tó ń gba mẹ́rin padà di mẹ́ta.

Dírébà ìjọ dúró tì mí, ó káwọ́ sẹ́yìn. "Ọ̀gá Wẹ́dà, ìlú òyìnbó tí ẹ lọ, ìdínkù lẹ kọ́ bọ̀?"

Àwọn ọmọ ìjọ náà ń kùn. Àwọn kan ní aláìgbàgbọ́ ló ń so ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Wọ́n ní àwọn tí kò bá ráyè ńkọ́, ṣé wọn ò ní lọ sí Ajue mọ́ ni?

Ìyá Ìjọ ló dá wọn lóhùn. Ó jáde wá pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. "Ọkọ̀ á lọ lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. Ọ̀rọ̀ parí.

Bẹ́líìtì àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tú u kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó nà án sí mi, ó ní, "Gba ohun ìní ọkọ̀, kó o dá a padà sáyè rẹ̀." Mo ní èyí tí a bá ti gé kò ṣeé lò mọ́. Ó wò ó, ó ká a, ó fi sí abẹ́ abíyá.

Mo sọ àṣà ṣọ́ọ̀bù wa fún un, pé ẹni tó dì í ló ń kọ́kọ́ gùn ún. Ó ní ó dáa, òun á bá mi gùn ún. A jókòó síwájú, èmi àti òun. Dírébà ti tẹná, àwọn ọmọ ìjọ yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń wò wá bí ẹni tó fẹ́ lọ sójú ọ̀run. Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ wà níwájú wa, tírélà ń kọjá lọ. Ẹsẹ̀ mi ti ń wá búrẹ́kì.

Ìyá Ìjọ yọ ìgò òróró tirẹ̀, ó dà á sọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́ sí àárín orí mi, ó gbàdúrà kúkúrú. Lẹ́yìn náà, ó mú ìborùn funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nu àárín wọn, ó nu abẹ́ èékánná. Kò tíì fọwọ́ kan bẹ́líìtì. Ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí mi lójú.

"Wò ó dáadáa, àbúrò mi," ó ní. "Ṣé ó ti gbẹ?"